Veda: ìwé mímọ́ tó gbé ẹnu kó tó wọ ìwé
Veda nìwé mímọ́ àwọn Híńdù tó pẹ́ jù ní Íńdíà. Mẹ́rin ni; Rigveda ló ṣáájú, orin ìyìn 1,028 ló wà nínú ẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ: ọmọ á kà á lọ, á tún kà á padà sẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ kankan má baà bọ́. Ẹni tó bá ti jókòó nílé kéú ní Kambolé tàbí Sokodé mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Upanishad, tó gbẹ̀yìn Veda, ló bèèrè bóyá ẹ̀mí inú èèyàn àti Brahman, orísun ohun gbogbo, jẹ́ ọ̀kan. Shankara ní ọ̀kan ni. Madhva ní rárá o.

Ọ̀nà kíké Veda ju 1,000 lọ tẹ́lẹ̀. 13 péré ló kù. UNESCO kéde ẹ̀ ní ogún aráyé ní 2003, ti Ifá tẹ̀lé e ní 2005.