Bùrọ̀dá rẹ wo? Ọ̀rọ̀ lórí ìwé ìgbélùú àti íńtáfíù

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan wá kí mi nílé ní Okokomaiko níbí. Ọkọ rẹ̀ ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ó sì ti kọ̀wé pé kí ìyàwó òun wá bá òun gbé. Íńtáfíù ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó wá fa ìwé kan yọ nínú báàgì. Ẹ̀jẹ́ńtì kan ní Ìyànà Ìbà ló tà á fún un: ìbéèrè 40, ìdáhùn 40.

"Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa bi mí. Mo fẹ́ kọ́ ọ sórí."

Ẹyọ kan péré ni mo bi í. "Ta ló ṣe ẹlẹ́rìí níbi ìgbéyàwó yín?"

"Bùrọ̀dá mi ni, sà."

"Bùrọ̀dá rẹ wo? Ṣebí ìwọ ni àkọ́bí màmá rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, sà."

Mo ní kó ká ìwé ẹ̀jẹ́ńtì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì mi rí, ẹ mọ̀ pé mi ò lè dáhùn ìbéèrè láìkọ́kọ́ pìtàn. Ẹ fara dà á fún mi.

Bàbá mi ṣòwò ní Kumasi fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Nígbà tó lọ, òyìnbó kan náà ló ń ṣàkóso ibẹ̀ àti ìlú wa, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ìwé. Gánà gba òmìnira ní 1957, àwa gba tiwa ní 1960. Ọjà kan náà ni bàbá mi ṣì ń lọ, àmọ́ ó ti di àjèjì láìmọ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù November, 1969, ìjọba Busia kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò nílùú. Àwọn oníṣòwò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí pọ̀ jọjọ níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ bàbá mi. Ó ní ẹlẹ́rìí tó tó 100, kò ní ìwé ẹyọ kan. Ó gba Togo àti Dahomey wálé pẹ̀lú àpótí méjì.

Ọdún 14 lẹ́yìn náà, àwa náà ṣe irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù January, 1983, ìjọba Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Títì Badagry tó gba iwájú Okokomaiko kọjá lọ sí Sẹ̀mẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà gbà lọ. Gánà ti ti bodè tirẹ̀ láti 1982, Benin àti Togo náà wá ti tiwọn, ni èrò bá há sójú ọ̀nà. Bàbá mi dúró lẹ́bàá títì, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Èmi náà ti ru ẹrù yẹn rí." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú Ọba náà rin irú ọ̀nà yìí. Òfin 1948 jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa máa wọlé síbẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Òfin 1962 dín in kù. Nígbà tó di oṣù September, 1986, wọ́n kéde pé ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra.

Ní àkókò yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ará Gánà ṣẹlẹ̀. Ó ti Gánà padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú Ọba, àwọn aṣọ́bodè ò gbà pé ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ọmọ àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ayé ìgbà yẹn fi hàn pé ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò lè ya ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára àǹtí. Ní 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Alec Jeffreys ti Yunifásítì Leicester lo ọ̀nà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí, ìyẹn àyẹ̀wò DNA, ó sì fi hàn pé ìyá tó bí i ni. Ọmọ náà dúró sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹjọ́ wíwọ̀lú àkọ́kọ́ tí DNA yanjú nìyẹn.

Ṣé ẹ rí ibi tí mò ń lọ? Lọ́dọ̀ tiwa, àbúrò ìyá ẹni, màmá ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, bùrọ̀dá ni. Kò sírọ́ níbẹ̀, èdè ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní ẹ́ńbásì kò jẹun nílé wa rí. Ìwé ló mú dání. Tó bá gbọ́ bùrọ̀dá, tó wá rí i pé bàbá yàtọ̀, ìyá yàtọ̀, ó lè rò pé à ń purọ́. Bẹ́ẹ̀, èdè wa kò ṣàìní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó. Iyèkan wà, ọbàkan wà. A kàn kì í sábà lò wọ́n, nítorí pé ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń pín ẹbí.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà kò pọ̀. Àkọ́kọ́, kó tẹ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sórí tábìlì, kó to gbogbo ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa fi ìka tọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan ń pè é ní Ṣadé, òmíràn ń pè é ní Fọláṣadé. Kó wá ìwé tó fi hàn pé ẹnìkan náà ni wọ́n. Èkejì, tí wọ́n bá bi í nípa ẹbí, kó sọ ẹni tó bí ẹni: "ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi," kò tán? Ẹ̀kẹta, kó pe ọkọ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì rántí bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe lọ gan-an, kì í ṣe bí ẹ̀jẹ́ńtì ṣe kọ ọ́. Láti 1986 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì nígbà tó di olùgbé máa gba ìwé ìgbélùú ọdún méjì péré ná, kó tó tún wá fi hàn pé ìgbéyàwó òtítọ́ ni. Ẹ̀kẹrin, ohun tí kò bá mọ̀, kó ní òun ò mọ̀. Yóò na ọwọ́ ọ̀tún sókè búra. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nípa ohun tó ṣe kókó, ilẹ̀kùn lè tì mọ́ ọn títí ayé, àfi tí wọ́n bá fún un ní ìdáríjì.

"Tí wọ́n bá wá bi mí ní ohun tí ò sí nínú ogójì yìí ńkọ́, sà?"

"Ṣé ọkọ rẹ ni lóòótọ́?"

"Ọkọ mi ni, sà."

"Kí lo wá ń há sórí?"

Ó fi ìwé ẹ̀jẹ́ńtì náà sílẹ̀ lórí tábìlì mi nígbà tó ń lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí àpótí bàbá mi. Ìwé kan ṣoṣo tó ní orúkọ rẹ̀ láti Kumasi ni rìsíìtì owó ìsọ̀. Wọ́n ṣi orúkọ náà kọ. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín náà ti Gánà dé, ẹ lọ yẹ àpótí wò. Ohunkóhun tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ má jù ú nù o.