Ìwé Ẹ̀rí Tí Kò Di Oúnjẹ

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ni kí a bi léèrè ìṣẹ́. Ní Ontario, ilẹ̀ Kánádà, láàárín 2009 sí 2010, àwọn tí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin tàbí obìnrin tí a pè wọ́n nígbà ìbí kọ́ ni àwọn jẹ́ bá àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí Trans PULSE. Ẹnì kan ń pe ẹlòmíràn wá, títí wọ́n fi pé 433. Ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Síbẹ̀, owó tó ń wọlé fún nǹkan bí ìdajì wọn kò ju 15,000 dọ́là lọ́dún. Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ wọn kò rí ìwé èsì ẹ̀kọ́ gbà lórúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó mú orúkọ àtijọ́ wá iṣẹ́, àṣírí rẹ̀ ti tú kí ó tó jókòó. Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé kálàmù wa mọ́ nínú ọ̀ràn yìí?