Ọ̀nà tí Bẹ̀nẹ̀ Gbà Wọ Ìṣọ̀kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti Ohun tó Kù Sílẹ̀ fún Agoua

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn, orílẹ̀-èdè tó ti tẹ̀lé ìlànà kọ́múníìsì rí máa ń kọ́kọ́ yí ìjọba àti òfin padà kí ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan tó gbà á wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ti Pólándì: ìjọba àtijọ́ parí ní 1989, ó sì wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004. Ti Bẹ̀nẹ̀ yàtọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipa ọ̀nà tirẹ̀, ó sì wo ohun tó kù sílẹ̀ fún àwọn elédè àdúgbò Agoua, ní agbègbè Bantè àti Savalou.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, 1972, ọ̀gágun Mathieu Kérékou gba ìjọba. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, 1974, ó kéde ní Abomey pé ìlànà Marx àti Lenin ni ìjọba yóò máa tẹ̀lé. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, 1975, orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS ní Èkó. Orúkọ Dahomey ni orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń jẹ́ nígbà náà. Ìparí ọdún yẹn ló di Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajé ni àdéhùn náà dá lé; kò béèrè irú ìjọba tí ẹnikẹ́ni ń ṣe. Bẹ̀nẹ̀ kò sì fi owó CFA sílẹ̀ rárá.

Nígbà tó yá, àwọn ilé ìfowópamọ́ ìjọba wó, owó oṣù kò jáde mọ́. Ní oṣù Kejìlá 1989, ìjọba pa ìlànà Marx tì. Àpérò gbogbogbòò wáyé ní Kùtọnù ní oṣù Kejì 1990, ìwé òfin tuntun tẹ̀lé e lọ́dún kan náà, wọ́n sì dìbò yan Nicéphore Soglo ní 1991. Ní 1994, Bẹ̀nẹ̀ wà lára orílẹ̀-èdè méje tó dá UEMOA sílẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí iye owó CFA já sí ìdajì. Oṣù Kejìlá 2001 ni ECOWAS tó fọwọ́ sí ìlànà lórí ìjọba tiwa-n-tiwa. Ohun tí Pólándì ní láti ṣe kí ó tó wọlé, ọdún 26 lẹ́yìn tí Bẹ̀nẹ̀ wọlé ni wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ èdè gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1974, Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá òde òní. Ní 1975, ọdún ECOWAS gan-an, ìjọba Kérékou gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè jáde. "Ẹ̀kọ́" di "ɛ̀kɔ́", "ọpẹ́" di "ɔkpɛ́", "ṣe" di "she". Ìlànà Marx lọ, álífábẹ́ẹ̀tì náà dúró. Abala 11 ìwé òfin 1990 fún gbogbo àwùjọ lómìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ.

Ní Bantè, Ìcà ni wọ́n ń sọ. Ní ìhà Savalou títí wọ Tógò, a rí Ifɛ̀. Ẹbí Yorùbá ni méjèèjì. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí ni èdè iṣẹ́ ECOWAS, ọmọ Agoua tó bá sì mọ ìwé kà ní èdè rẹ̀ yóò tún kọ́ àmì mìíràn kí ó tó lè ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn. Àṣẹ ìjọba méjì ló fa ìyàtọ̀ yìí, kì í ṣe ètò ìró èdè. Ohun tí àṣẹ ṣe, àdéhùn lè tún un ṣe, bí àwọn onímọ̀ èdè ìhà méjèèjì bá jókòó pọ̀.