Tuntun Tàbí Àlòkù: Ìtàn Ilé Orí Táyà

Ní ọdún 1929, Arthur Sherman, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí ní ìlú Detroit, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ jáde fún ìsinmi. Ó ti ra àgọ́ orí táyà kan tuntun tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, irú èyí tó ká sínú àpótí, téèyàn yóò tú jáde bó bá débi tó fẹ́ sùn. Ìpolówó ọjà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti tú u jáde. Òjò ńlá dé. Sherman fa tibí, ó ti tọ̀hún, ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, àgọ́ kọ̀ kò dúró, òjò sì pa tìyá tọmọ rin gbingbin.

Nígbà tí wọ́n padà délé, bàbá náà pinnu pé òun yóò ṣe èyí tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fẹ́ aṣọ mọ́. Ilé kékeré olóògiri pákó ló ní kí wọ́n kàn fún òun, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó gùn tó mẹ́sàn-án, pẹ̀lú sítóòfù, àpótí yìnyín àti kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Covered Wagon. Ibi tí wọ́n bá ti dúró, àwọn èèyàn á pagbo yí i ká, wọ́n á máa béèrè iye tó jẹ́. Ní January 1930, Sherman gbé e lọ sí ibi ìpàtẹ mọ́tò ní Detroit, ó fi 400 dọ́là lé e, kí ọdún náà tó parí ó ti ta 118. Nígbà tí yóò fi di 1936, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló tóbi jù nídìí òwò náà ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹ ò rí i pé ọjà tuntun tó dójú ti ẹni tó rà á ló bí ilé iṣẹ́ tó tóbi jù. Ẹni tó dúró lónìí sáàárín ilé orí táyà méjì, ọ̀kan ṣì ń dán gbinrin níwájú ṣọ́ọ̀bù, èkejì wà lẹ́yìn ilé aládùúgbò tó fẹ́ tà á, ìdààmú tó bá a ti wà látọjọ́ yìí. Owó nìkan kọ́ ló ń rò.

Ṣáájú Sherman, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Romani tí ìrìn àjò jẹ́ ayé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ní òrùlé, fèrèsé àti sítóòfù. Vardo ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbẹ́ ọnà sí i lára, wọ́n á fi ọ̀dà wúrà kùn ún, ilé iṣẹ́ Dunton ní ìlú Reading sì wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù nídìí kíkan rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àlòkù kò fi bẹ́ẹ̀ wáyé níbẹ̀. Bí ẹni tó ni vardo bá kú, àṣà wọn ni pé kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì dáná sun ún. Iṣẹ́ oṣù mélòó kan, ọnà tó gba sùúrù, gbogbo rẹ̀ á jóná. Ohun tí olóògbé lò, kò sẹ́ni tí yóò jogún rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n gbé e lọ sọ́jà. Ìdí nìyí tí èyí tó ṣẹ́kù nínú vardo àtijọ́ kò fi pọ̀.

Vardo yìí ló wọ William Gordon Stables lójú. Ará Scotland ni, ó ti ṣe dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kó tó di ẹni tó ń kọ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọdékùnrin. Ní 1885, ó ní kí ilé iṣẹ́ kan tó ń kan wágúnù ní Bristol kan tirẹ̀ fún òun, igi mahogany gidi, pẹ̀lú ẹṣin méjì tí yóò máa fà á. Ó sọ ọ́ ní Wanderer, ó fi rìn láti Twyford ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé Inverness ní Scotland. Ìránṣẹ́ rẹ̀ kan ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, láti kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ lọ́nà tóóró pé nǹkan ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbádùn ọlọ́lá ni. Ẹni tí yóò bọ́ ẹṣin méjì, tí yóò san owó awakọ̀ ẹṣin àti ìránṣẹ́ nítorí afẹ́, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlòkù kiri. Wanderer ṣì wà dòní, ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníkárafánì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907 ló wà.

Mọ́tò ló já ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ nìkan. Ní 1919, ìdílé Riley ní Birmingham bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kárafánì Eccles tí mọ́tò lè fà, wọ́n ń tà á fún ẹni tó bá lówó rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Sam Alper gbé Sprite jáde, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò gani lára, ó sì fà á káàkiri etí Òkun Mediterranean kí ojú àwọn aláìgbàgbọ́ lè là. (Alper yìí kan náà ló dá ilé oúnjẹ ojú títì Little Chef sílẹ̀ ní 1958, ó mọ ohun tí arìnrìn-àjò ń fẹ́.) Nígbà tí òṣìṣẹ́ lásán bẹ̀rẹ̀ sí í ra tuntun, ọjà àlòkù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, torí bí ọmọ bá pọ̀ sí i, wọ́n á ta kékeré láti ra ńlá.

Ní Amẹ́ríkà, àárín àwọn ọdún 1930 le, síbẹ̀ òwò yìí ń gbèrú lójú ọ̀dá owó. Roger Babson, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó lórúkọ nígbà náà, sọ pé kí ogún ọdún tó pé, ìdajì àwọn ará Amẹ́ríkà ni yóò máa gbé inú ilé orí táyà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ. Ọjà kútà ní 1937, àwọn ìlú kan ṣòfin lòdì sí àgọ́ àwọn onílé orí táyà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì kógbá wọlé. 

Lára àwọn tó la àsìkò náà já ni Airstream, ilé iṣẹ́ Wally Byam. Ní 1936, ó gbé Clipper jáde, ó ń dán bí ọkọ̀ òfúrufú, 1,200 dọ́là ni wọ́n ń tà á, owó ńlá gbáà nígbà yẹn. Hawley Bowlus ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1934, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti kan Spirit of St. Louis, ọkọ̀ òfúrufú tí Charles Lindbergh fi dá òkun kọjá. Láàárín 1959 sí 1960, Byam kó ilé alumíníọ̀mù 41 láti Cape Town lọ sí Cairo. Wọ́n rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n fa ara wọn jáde, wọ́n gba Etiópíà kọjá níbi tí ọ̀nà kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Kò sí ìpolówó ọjà tuntun tó lè ju ìyẹn lọ, àwọn tó ń wá àlòkù Airstream títí dòní sì ń jẹ nínú orúkọ tí ìrìn àjò náà ṣe.

Orúkọ nìkan kò tó, ṣá. Alumíníọ̀mù kì í jẹrà bíi pákó, àmọ́ pákó àlẹ̀pọ̀ ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ Airstream tọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rà kì í wo dídán ara rẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń lọ, á kúnlẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀ lábẹ́ ibùsùn tàbí ilé ìwẹ̀, bí ilẹ̀ bá rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, á dìde, á gbọn orúnkún rẹ̀, á máa lọ. Omi ni ọ̀tá. Orí òrùlé níbi tí páànù méjì ti pàdé, etí fèrèsé, ìdí iná ẹ̀yìn, gbogbo ibi tí wọ́n ti lu ihò tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dí ni omi ń gbà wọlé bí gọ́ọ̀mù náà bá gbó. Nígbà tí àbààwọ́n bá yọ lára ògiri, igi inú ti lè jẹrà tán.

Ti àgọ́ tó ń ká tún yàtọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ ra àlòkù rẹ̀ tó wo nǹkan kan, kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n tú u jáde lójú òun, kó fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ká pọ̀ nígbà tó ṣì tutù á ti hu, òórùn rẹ̀ kì í sì í pa mọ́. Lẹ́yìn náà ni síìpù, okùn wáyà tó ń gbé òrùlé sókè, àti táyà. Ojú táyà lè ṣì jinlẹ̀ dáadáa, kí táyà náà sì ti gbó nítorí ìdúró sójú kan nínú oòrùn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára kóòdù tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1992 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ sára fèrèsé kárafánì tuntun, kí ẹni tó bá rà á ní àlòkù má bàa ra ẹrù olè tàbí èyí tí gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀.

Àwọn tó bá ka gbogbo èyí á ní ẹ jẹ́ kí àwọn ra tuntun, ká sinmi. Ìtàn tó tẹ̀ lé ìjì líle Katrina kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ìjì náà jà ní August 2005, àjọ FEMA ti ìjọba Amẹ́ríkà sì ra ilé orí táyà tó lé ní 100,000 fún àwọn tí omi lé kúrò nílé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tuntun, tí ilé iṣẹ́ fi ìkánjú kàn. Láìpẹ́, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń wúkọ́, orí ń fọ́ wọn. Formaldehyde ni, kẹ́míkà tó wà nínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ lẹ́búlẹ́bú igi pọ̀ di pákó. Ooru àti ọ̀rinrin Louisiana ń lé e jáde sínú afẹ́fẹ́. Àjọ ìlera CDC yẹ 519 wò lópin 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ohun tí wọ́n rí ga ju èyí tó máa ń wà nínú ilé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Kẹ́míkà yìí máa ń dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nítorí náà, òórùn tuntun tí oníṣọ́ọ̀bù fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra, ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni àrùn.

Ìjọba fi àwọn ilé náà ṣe gbàǹjo ní 2010, wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn lára pé kì í ṣe fún gbígbé. Ìkìlọ̀ rọrùn láti bó. Kí ọdún náà tó tán, wọ́n ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá palẹ̀ epo rọ̀bì tó dà sínú òkun Gulf mọ́, tí wọ́n ń sùn nínú wọn. Ọdún yẹn náà ni òfin jáde ní Washington tó fi òdiwọ̀n sí formaldehyde inú pákó.

Àrùn Kòrónà tún da ọjà rú. Hòtẹ́ẹ̀lì tì, ọkọ̀ òfúrufú dúró, àwọn èèyàn sáré lọ ra ilé tí wọ́n lè fà. Ní 2021, 600,240 ilé orí táyà àti ọkọ̀ onílé ló jáde láti ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti wá. Àlòkù gan-an di ọ̀wọ́n. Ní 2023, iye náà já sí 313,174, ọ̀pọ̀ tí wọ́n rà nígbà ìsémọ́lé sì wà lẹ́yìn ilé, àwọn tó ni ín ń wá ẹni tí yóò gbé e kúrò. Ẹni tó bá ń ra àlòkù ìgbà yìí ń bá èyí tí wọ́n fi ìkánjú kàn pàdé, bíi ti FEMA. Ó sàn kó wo èyí tó ti lo ọdún bíi mélòó kan ṣáájú 2020, tí olówó rẹ̀ ti tún ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ṣe.

Àwọn tí kò fẹ́ yàn nínú méjèèjì náà ti rí tiwọn. Ní 2015, ilé iṣẹ́ Shasta tún Airflyte ti 1961 gbé jáde, pẹ̀lú ìyẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, 1,941 péré ni wọ́n kàn, torí 1941 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Bowlus náà ti padà sọ́jà, àwòrán 1934 ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé, àmọ́ bátìrì òde òní ló wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì ti ju 100,000 dọ́là lọ.