Ìhà tí àwọn òǹwòran kọ sí àtúngbéjáde sinimá Nollywood

Àtúngbéjáde sinimá Nollywood ni iṣẹ́ àwọn olùgbéjáde fíìmù ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí wọ́n mú sinimá àgbéléwò àtijọ́ tí ó ti gbajúmọ̀, tí wọ́n sì tún un ṣe tàbí tí wọ́n fa ìtàn rẹ̀ gùn fún ìran tuntun. Láti ọdún 2019 ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti ń jáde léraléra. Lára wọn ni Living in Bondage: Breaking Free (2019), Rattlesnake: The Ahanna Story (2020), Nneka the Pretty Serpent (2020), Omo Ghetto: The Saga (2020), Aki and Pawpaw (2021) àti Glamour Girls (2022). Ìhà tí àwọn òǹwòran kọ sí wọn kò dọ́gba. Wọ́n yin àwọn kan, wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lu àwọn mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan náà, Play Network Studios, ni ó gbé márùn-ún jáde nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Oríṣi àtúngbéjáde

Oríṣi mẹ́ta ni àtúngbéjáde fíìmù pín sí. Èkíní ni àtúnṣe, níbi tí àwọn òṣèré tuntun ti ṣe ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Èkejì ni ìtẹ̀síwájú, níbi tí ìtàn náà ti ń bá a lọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí díẹ̀ nínú àwọn òṣèré àkọ́kọ́ sì sábà máa ń padà wá. Ẹ̀kẹta ni àtúnbẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti mú orúkọ fíìmù náà àti olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n pa ìṣẹ̀lẹ̀ àtijọ́ tì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Nínú àwọn fíìmù tí a dárúkọ lókè, ìtẹ̀síwájú ni Living in Bondage: Breaking Free àti Omo Ghetto: The Saga. Àtúnṣe ni Rattlesnake àti Glamour Girls. Nneka the Pretty Serpent ni ó sún mọ́ àtúnbẹ̀rẹ̀ jù lọ, nítorí pé ìdí tí olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ fi ń ṣe ohun tí ó ń ṣe ti yí padà pátápátá.

Ìpìlẹ̀

Sinimá Living in Bondage tí ó jáde ní ọdún 1992 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood gẹ́gẹ́ bí òwò ńlá. Chris Obi Rapu ni ó darí rẹ̀, Okechukwu Ogunjiofor àti Kenneth Nnebue ni ó kọ ọ́, èdè Ígbò ni wọ́n sì fi ṣe é. Ṣáájú ìgbà náà, Nnebue ti náwó sí fídíò èdè Yorùbá. Ìtàn Andy Okeke ni fíìmù náà sọ, ọkùnrin tí ó wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, tí ó fi ìyàwó rẹ̀, Merit, ṣòògùn owó, tí òkú ìyàwó náà sì ń yọ sí i lẹ́yìn náà.

Kì í ṣe ilé sinimá ni àwọn ènìyàn ti wo irú fíìmù yìí. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n fi tà á lọ́jà, lẹ́yìn náà ni CD dé. Ní ìlú ńlá bí Èkó àti Onitsha, àti ní ìlú bí Ejìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ bí Ọlá, inú pálọ̀ ni tọmọdé tàgbà ti ń péjọ wò ó. Wọ́n ń yá kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì ń wo fíìmù kan náà ní àwòtúnwò títí wọ́n fi mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí. Báyìí ni ojú òṣèré, orúkọ ẹ̀dá-ìtàn àti ìró ọ̀rọ̀ wọn ṣe di ara ìgbésí ayé ilé. Èyí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ òǹwòran fi rí fíìmù wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n jogún, kì í ṣe ọjà tí ẹnì kan lè tún ṣe bó ti wù ú.

Àwọn fíìmù náà àti bí wọ́n ṣe gbà wọ́n

Living in Bondage: Breaking Free

Charles Okpaleke, olùdásílẹ̀ Play Network Studios, ni ó ra ẹ̀tọ́ láti tún fíìmù ọdún 1992 náà gbé jáde. Ramsey Nouah, tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tipẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣèré, ni ó darí rẹ̀, òun sì ni fíìmù àkọ́kọ́ tí ó darí. Ó dé ilé sinimá ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Ìtàn náà fi Andy sílẹ̀, ó tẹ̀lé Nnamdi, ọmọ rẹ̀, tí Swanky JKA ṣe. Nnamdi ń wá ọrọ̀ ní kíákíá, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn kan náà tí ó ba ayé bàbá rẹ̀ jẹ́.

Kenneth Okonkwo padà wá gẹ́gẹ́ bí Andy, ṣùgbọ́n ó ti di ẹni tí ó ronú pìwà dà. Kanayo O. Kanayo náà padà sí ipò rẹ̀. Inú àwọn òǹwòran dùn sí ìpadàbọ̀ yìí gan-an, nítorí pé ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n mọ̀ nígbà èwe ti dàgbà bí àwọn náà ti dàgbà. Ní ayẹyẹ Africa Magic Viewers' Choice Awards ti ọdún 2020, fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tí ó dára jù lọ, Nouah sì gba ti olùdarí tí ó dára jù lọ. Àṣeyọrí yìí ni ó ṣínà fún àwọn àtúngbéjáde tí ó tẹ̀ lé e.

Rattlesnake: The Ahanna Story

Amaka Igwe ni ó ṣe Rattlesnake àkọ́kọ́ ní ọdún 1995. Ó kú ní ọdún 2014, nítorí náà kò sí láyé nígbà tí wọ́n tún un ṣe. Ramsey Nouah ni ó darí ti ọdún 2020, Stan Nze sì ni ó ṣe Ahanna, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìyà àti ìwà ọ̀dàlẹ̀ inú ẹbí sọ di ọ̀daràn. Àwọn òǹwòran yin iṣẹ́ Stan Nze, iṣẹ́ náà sì mú kí ó gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tí ó dára jù lọ nínú eré oníṣẹ̀ẹ́lẹ̀ ńlá ní AMVCA ọdún 2022. Fíìmù yìí fi hàn pé ojú tuntun lè gba ipò ojú àtijọ́ bí òṣèré náà bá kájú ìwọ̀n, tí ìrora tí ó wà nídìí ìtàn náà kò sì sọnù.

Nneka the Pretty Serpent

Nínú fíìmù àtijọ́ tí Zeb Ejiro darí ní ọdún 1994, ẹ̀mí omi ni ó wà lára Nneka, tí ó fi ń fa àwọn ọkùnrin olówó tí wọ́n ti gbéyàwó mọ́ra. Ndidi Obi ni ó ṣe Nneka nígbà náà. Nínú ti ọdún 2020, tí Tosin Igho darí, Nneka jẹ́ ọmọ òrukàn tí wọ́n pa òbí rẹ̀, tí ó sì gba agbára àràmàǹdà láti fi gbẹ̀san lára àwọn apànìyàn náà. Ìyípadà yìí sọ ọ́ di ẹni tí ó jọ akọni alágbára inú fíìmù Amẹ́ríkà ju ẹ̀dá abàmì inú ìtàn Nàìjíríà lọ. Ndidi Obi wà nínú fíìmù tuntun náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Idia Aisien, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ òṣèré, ni ó gba ipò Nneka.

Àwọn òǹwòran yin àwòrán àti ìtànṣán inú fíìmù náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé ẹ̀rù tí Nneka àkọ́kọ́ dá sí wọn lára kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ní ìdí rere láti gbẹ̀san ni a máa ń káàánú. A kì í bẹ̀rù rẹ̀.

Omo Ghetto: The Saga

Omo Ghetto ti ọdún 2010 jẹ́ sinimá Yorùbá nípa ìbejì obìnrin tí Funke Akindele ṣe àwọn méjèèjì: Lefty, ọmọ ìta, àti Ayọ̀midé tí ó dàgbà sí ilé olówó. Akindele àti JJC Skillz ni ó darí ìtẹ̀síwájú rẹ̀, tí ó dé ilé sinimá ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣì ń dí òwò sinimá lọ́wọ́. Síbẹ̀, ó pa owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 630 náírà, ó sì gba ipò fíìmù Nàìjíríà tí ó pa owó jù lọ lọ́wọ́ The Wedding Party ti ọdún 2016. Òṣèré kan náà, ẹ̀dá-ìtàn kan náà àti irú ọ̀rọ̀ àdúgbò kan náà ni àwọn olùfẹ́ fíìmù náà bá níbẹ̀.

Aki and Pawpaw

Aki na Ukwa ti ọdún 2002 ni ó sọ Chinedu Ikedieze àti Osita Iheme di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tí ó yá, àwòrán wọn láti inú àwọn fíìmù àtijọ́ tàn káàkiri ayélujára, débi pé àwọn tí kò wo fíìmù Nàìjíríà rí pàápàá dá wọn mọ̀. Biodun Stephen ni ó darí Aki and Pawpaw ti ọdún 2021, àwọn òṣèré méjèèjì náà sì ni wọ́n lò.

Glamour Girls

Glamour Girls ti ọdún 1994 sọ nípa àwọn obìnrin tí ó fẹ́ gbé ayé fàájì ní Èkó pẹ̀lú owó ọkùnrin. Bunmi Ajakaiye ni ó darí àtúnṣe rẹ̀, èyí tí Netflix gbé jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Nse Ikpe-Etim, Sharon Ooja, Toke Makinwa àti Joselyn Dumas ni ó ṣaájú nínú rẹ̀. Ìbáwí tí ó tẹ̀ lé e le koko. Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé okùn ìtàn náà já: ìṣẹ̀lẹ̀ kan kò bí èkejì, àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń yọjú tí wọ́n sì ń pòórá láìsí àlàyé. Aṣọ àti ilé inú fíìmù náà dára lójú, ṣùgbọ́n èyí kò gbà á lọ́wọ́ ìbáwí.

Ohun tí ó fa ìyàtọ̀

Bí a bá gbé àwọn fíìmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé kì í ṣe owó tàbí ẹ̀rọ ni ó ya èyí tí wọ́n gbà kúrò lára èyí tí wọ́n kọ̀. Àwòrán Glamour Girls àti ti Nneka tuntun mọ́ ju ti àwọn fíìmù ọdún 1990 sókè lọ fíìfíì. Ohun méjì ni ó jọ pé ó ṣe pàtàkì jù. Èkíní ni ojú tí wọ́n mọ̀: ìpadàbọ̀ òṣèré àtijọ́ sí ipò rẹ̀ gan-an ń jẹ́ kí òǹwòran gbà pé ìtàn tirẹ̀ ni ó ń wò. Ìpadàbọ̀ Ndidi Obi sínú ipò mìíràn kò ní agbára kan náà. Èkejì ni gbòǹgbò ìtàn. Ojúkòkòrò àti ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni wà nínú Living in Bondage méjèèjì. Níbi tí gbòǹgbò náà bá ti yí padà tàbí tí ó rú, orúkọ fíìmù nìkan kò tó.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń wò ó náà wà níbẹ̀. Ìlú ńlá ni ilé sinimá ìgbàlódé pọ̀ sí, ó sì ń béèrè owó ìwọlé. Orí Netflix náà ń béèrè owó oṣooṣù àti dátà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sọ fíìmù wọ̀nyí di olókìkí ní ìlú kéékèèké kò sí lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí ti tuntun.

Àfiwé pẹ̀lú fíìmù akọni alágbára

Irú àríyànjiyàn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn olùfẹ́ fíìmù akọni alágbára ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹnu àtẹ́ lu Batman & Robin ní ọdún 1997, Christopher Nolan bẹ̀rẹ̀ ìtàn Batman lákọ̀tun pẹ̀lú Batman Begins ní ọdún 2005, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Fantastic Four ti ọdún 2015 pàdánù ojúrere àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ní ọdún 2025.

Spider-Man ni ó sún mọ́ ti Nollywood jù. Tobey Maguire ṣe ẹ̀dá-ìtàn náà ní ọdún 2002, 2004 àti 2007. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, Andrew Garfield bọ́ sí ipò rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì béèrè ìdí tí wọ́n fi ń sọ ìtàn kan náà ní kíákíá bẹ́ẹ̀. Tom Holland gbà á ní ọdún 2016. Nígbà tí Spider-Man: No Way Home kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní ọdún 2021, àwọn òǹwòran hó yèè nínú ilé sinimá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti Nàìjíríà ti fi ayọ̀ gba ìpadàbọ̀ Andy.

Ìtàn àtúnsọ nínú àṣà Yorùbá

Láàrin Yorùbá, títún ìtàn sọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìtàn Ògìyán ní Ejìgbò àti ti Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ ti kọjá lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ apìtàn. Ní Òṣogbo, Dúró Ládiípọ̀ gbé ìtàn Ṣàngó, ọba tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ka orí ìtàgé nínú eré Ọba Kò So ní ọdún 1963, wọ́n sì gbé eré náà lọ sí Berlin ní ọdún 1964. Ní ọdún 1997, Ọbáfẹ́mi Láṣódé fi ìtàn ọba kan náà ṣe fíìmù.

Orúkọ eré Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdáhùn sí awuyewuye. Àwọn kan ń sọ pé Ṣàngó pokùn so. Àwọn olùfọkànsìn rẹ̀ dáhùn pé ọba kò so. Àwọn tí ó fẹ́ràn akọni náà kò kọ̀ kí a tún ìtàn rẹ̀ sọ ní ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí a yí ibi tí ó ṣe pàtàkì sí wọn padà. Ohun kan náà ni àwọn òǹwòran Nollywood ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùgbéjáde.