Owó Tó Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Rìn Lọ

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú búra ní Àbújá. Nínú ọ̀rọ̀ tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lójú èmi tí mo ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Kò wí pé, “Mo fẹ́ mú un kúrò,” kí a lè bá a jiyàn. Gbólóhùn náà kò ní olùṣe. Àfi bí ẹni pé owó náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà kan ti kọjá 480 náírà. Ará Ìtagunmódì tó ń wọkọ̀ lọ sí Iléṣà ló wá di olùsanwó. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.