Àyẹ̀wò àrùn ìgbàgbé ní ilẹ̀ Yorùbá

Àyẹ̀wò àrùn ìgbàgbé ni ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn àti olùwádìí ń gbà mọ̀ bóyá ìgbàgbé àgbàlagbà kan jẹ́ ti ọjọ́ orí lásán tàbí ti àrùn. Àrùn ìgbàgbé máa ń ba ìrántí, èdè àti ìrònú jẹ́ débi pé ẹni tó ní in kò ní lè dá ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ mọ́. Àrùn Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á. Yorùbá máa ń sọ pé irú arúgbó bẹ́ẹ̀ ń ṣarán. Bí ẹbí bá ka ìṣarán sí ogbó lásán, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìtàn

Abẹ́òkúta wà lára ibi tí ìwádìí ìlera ọpọlọ láàárín Yorùbá ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1954 ni Ilé Ìwòsàn Aro bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ Thomas Adeoye Lambo (1923–2004), ẹni tí wọ́n bí ní ìlú náà. Lambo ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé Ẹ̀gbá. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ ohun tí àwọn fúnra wọn kà sí àìsàn ọpọlọ. Ìwé tó jáde nínú iṣẹ́ náà, Psychiatric Disorder Among the Yoruba, ni wọ́n tẹ̀ ní 1963.

Ní 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àrùn ìgbàgbé. Lára àwọn tó darí rẹ̀ ni Benjamin Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti Hugh Hendrie. Àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò Ìdíkàn, Ìbàdàn, ni wọ́n fi wé àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú Indianapolis.

Irinṣẹ́ àyẹ̀wò

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ìrántí ń béèrè ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Àgbàlagbà tí kò lọ sí ilé ìwé lè kùnà nínú wọn bí ọpọlọ rẹ̀ tilẹ̀ pé. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe lo irinṣẹ́ tí a mọ̀ sí CSI-D, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ará Cree ní Kánádà, tí wọ́n sì wá túmọ̀ sí Yorùbá. Wọ́n máa ń sọ fún àgbàlagbà pé kó dárúkọ ìgbọ̀nwọ́ tàbí èjìká, kó ka orúkọ ẹranko, kó sì rántí orúkọ ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè.

Apá kejì jẹ́ ti ẹbí. Nínú agboolé Yorùbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló sábà máa ń bá àgbà ṣe iṣẹ́ ilé, nítorí náà àìlèṣe-nǹkan rẹ̀ lè fara sin. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò sọ bí ìwà àti ìrántí rẹ̀ ti yí padà.

Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ìwádìí

Àwọn olùrànlọ́wọ́ ìwádìí ló ń lọ láti ilé dé ilé. Níbi tí kò bá sí àkọsílẹ̀ ìbí, ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí àgbàlagbà rántí ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. CSI-D nìkan kò tó láti pe ènìyàn ní aláàrùn: àwọn oníṣègùn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó pinnu.

Àbájáde

Ní 2001, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àgbàlagbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis fi hàn pé 1.35% ni àrùn náà ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ 3.24% ní Indianapolis. Àbùdá APOE ε4, tó máa ń mú kí ewu Alzheimer pọ̀ sí i níbòmíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára láàárín àwọn Yorùbá náà. Ìyàtọ̀ yìí mú kí àwọn olùwádìí máa wo ipa oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àyíká. Ẹgbẹ́ olùwádìí 10/66 náà lo CSI-D ní Látìn Amẹ́ríkà, Íńdíà àti Ṣáínà.